Ọkọ̀ Tí Kì Í Rú Èéfín

Iṣẹ́ riwáyà ni mo ń ṣe, ìyẹn àtúnṣe iná ọkọ̀. Bí iná iwájú ọkọ̀ rẹ bá kọ̀ tí kò tàn, bí fèrè rẹ̀ bá yadi, bí o bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ náà kàn ń dún tíkí-tíkí tí kò fẹ́ dìde, èmi ni wọn yóò ní kí o lọ wá. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìgandò, páànù mẹ́fà lórí òpó igi mẹ́rin, kò ní ògiri. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wá síbẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ tàn kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é, gbogbo èyí tí mo bá sì tàn ni yóò tú èéfín sí mi lójú. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fa èéfín yìí símú. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìyàwó mi, tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni ó lọ mú.

Bí mo bá rántí bẹ́ẹ̀, inú a bí mi. N kò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí, ṣùgbọ́n inú a bí mi.

Olùkọ́ ni ìyàwó mi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé aládàáni kan nítòsí ibùdókọ̀ Pleasure. Láti ilé wa, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò wọ̀ dé Ẹ̀gbẹ́dá, yóò wọ òmíràn dé Ìyànà Ìpájà, kí ó tó wá wọ èyí tí yóò gbé e dé ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá ti wọ Márúwá rí mọ̀ pé kò ní fèrèsé. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dúró síwájú rẹ, ọ̀pá èéfín rẹ̀ á dojú kọ imú rẹ gan-an, o ò sì ní ibi tí o máa yà sí. Àárọ̀ kan, ìrọ̀lẹ́ kan, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. A kọ́kọ́ pè é ní òtútù. A lo àgbo, a lo oògùn kẹ́míìsì, a ta òróró àdúrà sí i láyà. Nígbà tó yá, kò lè sùn lórí ìdùbúlẹ̀ mọ́. Ìjókòó ló ń sùn, pẹ̀lú ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀.

Dókítà ní ásímà ni. Ó fún un ní ike kékeré kan tí yóò máa fọ́n sí ọ̀fun bí èémí bá ń há. Ó wá kọjú sí èmi, bíi pé èmi ni mo fi ṣe é.

“Ẹ̀gbọ́n, èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ ló ń dá wàhálà yìí sílẹ̀. Oògùn kàn ń bá wa dì í mú ni. Bí mọ́mì bá lè kúrò níbi tí èéfín wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kúrò.”

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin ń gbé ní ìlú wọn ní Èkìtì, nínú ilé bàbá wọn. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ni ó ti ń pè é lórí fóònù: máa bọ̀, ilé-ìwé wà níbí, afẹ́fẹ́ tó dáa wà níbí. Ìyàwó mi kò fẹ́ lọ. Èmi kò sì lè bá a lọ. Ọmọ wa kan ṣoṣo wà ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ìnáwó rẹ̀ wà, ọkọ̀ mélòó sì ni ó wà ní ìlú kékeré bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò máa tún iná rẹ̀ ṣe tí yóò fi jẹun? A fẹnu kò sí i pé yóò dúró títí ilé-ìwé yóò fi parí ọdún. Bí mo bá rí ọ̀nà tí yóò fi máa lọ síbi iṣẹ́ láìfa èéfín símú, yóò dúró tì mí. Bí n kò bá rí i, yóò lọ.

“Báwo lẹ ò ṣe ní rí i?” ó ní. “Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jí òkú ọkọ̀ dìde.”

Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó gbà mí gbọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí títí di òní.

Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò ra ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kí n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, kí n máa gbé e lọ. Mo ní ọkọ̀ rí. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọkọ̀ náà di ohun tí a kàn ń fọ̀ ní Sátidé. Iye tí mo ra epo láàárọ̀ kì í jẹ́ iye tí wọ́n ń tà á nírọ̀lẹ́. Mo tà á. Yàtọ̀ sí èyí, òórùn pẹtiróòlù lásán tó láti mú ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ ikọ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń bọ́ ṣòkòtò kí n tó wọlé.

Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ rí ọkọ̀ tí iná ń wà, tí kò mu epo rárá. Mo wo fídíò rẹ̀ títí ojú fi ń ta mí. Ọjọ́ kan, mo wọ aṣọ tó dáa, mo sọdá afárá lọ síbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Dádì, ẹ káàsán sà. Ṣé ẹ wá já ẹrù ni?”

“Rárá o. Ọkọ̀ ni mo wá rà.”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí àwa méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni. Iye tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà, bí mo bá ta ilé tí mo ń gbé, tí kì í tiẹ̀ ṣe tèmi, kò lè tó o. Ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún mi. Mo tẹ̀ ba, mo wò ó fínnífínní. Bátìrì, wáyà, àpótí kan tó ń pín iná, àti ẹ̀rọ kan tí iná ń yí. Kò sí pọ́ńpù epo, kò sí púlọ́ọ̀gì, kò sí ọ̀pá èéfín. Gbogbo iṣẹ́ mekáníìkì ti kúrò nínú rẹ̀, ó wá ku ti riwáyà nìkan. Iṣẹ́ tèmi! Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà, ńṣe ni mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan, ẹni tó jókòó tì mí sì ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Oníbàárà kan ti gbé ọkọ̀ kékeré kan jù sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó tà á fún mi bí ẹni ta àlòkù páànù. Mo yọ ẹ́ńjìnnì náà, mo tà á fún àwọn tó ń ra irin. Mo ta ilẹ̀ kékeré kan ṣoṣo tí mo ní, mo fi ra bátìrì àlòkù tí wọ́n tú kúrò ní ọ́fíìsì kan, mo sì ra ẹ̀rọ tí iná ń yí lára fọ́kílífìtì kan tí wọ́n ti pa tì, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè ní ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbẹ́ irin ló bá mi so ẹ̀rọ náà mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Àpótí tó ń pín iná ni wọ́n ń pè ní kọntirólà. Òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn, òun náà ló sì gbówó lórí jù. Òkè òkun ló ti wá, oṣù méjì ni mo fi dúró dè é.

Àwọn mekáníìkì tó wà nítòsí mi kò jẹ́ kí n sinmi.

“Ẹ̀gbọ́n riwáyà, iná tí ò lè gbé fáànù, òun lẹ fẹ́ máa fi wa mọ́tò?”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre,” èkejì a dáhùn. “Tó bá lọ ṣiṣẹ́ ńkọ́? Kí làwa ó wá jẹ?”

Mo ní kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kó tó pẹ́ jù.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, ìyàwó mi jókòó síwájú, ó gbé báàgì lé itan, ó ń retí. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Mo rọra tẹ ẹsẹ̀ sí i.

“Dádì, ẹ tan án ká máa lọ, mi ò fẹ́ pẹ́ débi iṣẹ́.”

“A ti ń lọ.”

Ó wo ìta. Géètì wa ti wà lẹ́yìn. Ó pariwo, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ìṣẹ̀rí-Olófin. Mo ń retí ikọ́ tó máa ń tẹ̀ lé ẹ̀rín rẹ̀. Kò wá. Àwọn adìẹ kò yà fún wa, nítorí wọn kò gbọ́ pé nǹkan ń bọ̀, àwọn ènìyàn náà kò yà, mo wá ń tẹ fèrè bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. A ti fèrèsé pa. A dúró lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, èéfín dúdú bo gíláàsì wa, ìyàwó mi sì jókòó sínú, ó ń wò ó bí ẹni ń wo òjò láti inú yàrá.

Mo tò ó dáadáa. N kò ní purọ́ fún ara mi pé n kò tò ó dáadáa. Iná ilé ni mo fi ń ṣáàjì rẹ̀ lóru. Bí bátìrì bá kún, ó lè lọ sí Pleasure kí ó padà, kí díẹ̀ sì ṣẹ́kù. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó máa tì í ni. Ìyẹn tó wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé e lọ, tí mo ń gbé e bọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń sùn lórí ìdùbúlẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkìtì, ó ní kí ó má wulẹ̀ tún yàrá ṣe mọ́.

Lẹ́yìn náà ni transfọ́má àdúgbò wa bú.

Ẹni tó bá ń gbé agbègbè wa mọ ohun tí mo ń sọ. Bí transfọ́má bá bú, kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò tún padà ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà àdúgbò ṣe ìpàdé, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n tún ṣe ìpàdé. Iná kò dé. Mo fi ìyókù tó wà nínú bátìrì gbé e lọ fún ọjọ́ kan, ó di dandan kí n wá iná ibòmíràn. Jẹnẹrétọ̀ ni mo rí. Mo gbé e sí ẹ̀yìn ilé, níbi tó jìnnà jù, mo fa wáyà gígùn wá síbi ọkọ̀, mo tan án. Wákàtí mẹ́fà, wákàtí méje, kí bátìrì tó kún. Epo tí mo ní n kò rà mọ́, mo tún ń rà á, èyí tí mo ń rà sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Sátidé kan, mo tan jẹnẹrétọ̀ náà sílẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Afẹ́fẹ́ yí. Nígbà tí mo padà dé ní ọ̀sán, ìyàwó mi wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò wa, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó di ike oògùn rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Èéfín ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó kún inú ilé wa dẹ́mú. Mo ti gbà á lọ́wọ́ èéfín ojú títì, èmi fúnra mi ni mo tún lọ gbé èéfín wọ yàrá fún un.

“Dádì,” ó ní, nígbà tó lè sọ̀rọ̀, “ẹ má bínú. Ẹ bá mi pa á.”

Ó ní kí n má bínú. Mo wọ ẹ̀yìn ilé lọ, mo pa jẹnẹrétọ̀ náà, mo jókòó tì í, mo sunkún bí ọmọdé.

Bàbá olùṣọ́ ìjọ wa ló yọ wá, tàbí kí n sọ pé òun ló fẹ́ yọ wá. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ilé ìsìn wa sì wà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Àgbàlagbà ni Bàbá, ọkàn rẹ̀ rọ̀. Kò fẹ́ràn ariwo jẹnẹrétọ̀ nígbà àdúrà, ìdí nìyẹn tí ìjọ fi dáwó jọ, tí wọ́n sì to sólà sórí òrùlé. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó mi, ó pè mí.

“Ọmọ mi, oòrùn Ọlọ́run ló ń ṣiṣẹ́ lókè yìí. Láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, kò sí nǹkan tí à ń fi í ṣe. Máa gbé ọkọ̀ ẹ wá gba iná.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá gbé mi dìde.

“Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ yà á sí mímọ́ o. Kò sí nǹkan tó ń bá wa jẹ nínú ọgbà yìí tá ò yà sí mímọ́.”

Mo ní kò sí wàhálà. Ta ni kò fẹ́ àdúrà?

Nínú ìjọ tiwa, bí a bá ń ya ọkọ̀ sí mímọ́, a máa ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀, àti búùtù, àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. A máa ń tan án sílẹ̀, nítorí àwọn àgbà ní ohun tó ń mí ni à ń gbàdúrà fún, a kì í gbàdúrà fún òkú irin. Ẹni tó ni ọkọ̀ a kúnlẹ̀, a fi iwájú orí kanlẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gbójú sókè títí a ó fi ṣe Àmín tó kẹ́yìn. Bàbá a gbàdúrà sí omi nínú abọ́, a bu iyọ̀ sí i, a ti imọ̀ ọ̀pẹ bọ inú rẹ̀, a wá fi wọ́n inú ọkọ̀ àti orí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni mo ti rí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ́ńjìnnì epo kò tiẹ̀ mọ̀ pé omi kan òun. Ooru rẹ̀ á ti gbẹ omi náà kí a tó kọrin tán.

Ọkọ̀ tèmi kò ní ẹ́ńjìnnì. Mo mọ èyí ju gbogbo ẹni tó wà nínú ọgbà náà lọ. Mo ti fi ike ṣe ìbòrí fún kọntirólà àti ojú bátìrì, tìtorí òjò. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí a fẹ́ yà á sí mímọ́, kí a tó jáde nílé, mo tú ìbòrí yẹn kúrò, mo fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìgbéraga ni, n kò ní pè é ní orúkọ mìíràn.

Wọ́n sì rí i. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ yí ọkọ̀ náà ká nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, wọ́n ń na ọrùn. “Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dà?” “Kí ni wá ń tì í lọ?” Mo ń dáhùn bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ń nawọ́ sí ibí, mo ń nawọ́ sí ọ̀hún. Ìyàwó mi fà mí láṣọ.

“Dádì, ẹ bo nǹkan yín o. Omi ń bọ̀.”

“Ẹ̀kán omi mélòó kan? Kí ni ìyẹn máa ṣe?”

Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Bí mo bá ní kí Bàbá má wọ́n omi síbẹ̀, mo rò pé wọn yóò ní ìgbàgbọ́ mi kò tó, èmi tí mo fẹ́ máa lo iná ìjọ. Mo sì rò pé ìwọ̀nba tí imọ̀ ọ̀pẹ lè gbé kò tó nǹkan. Mo yí kọ́kọ́rọ́, iná wọ ara ọkọ̀ náà, ó sì dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo fi iwájú orí kanlẹ̀.

Wọ́n kọrin. Bàbá gbàdúrà fún wa, ó gbàdúrà gan-an ni, mo gbọ́ ẹkún nínú ohùn rẹ̀. Ó pe ìyàwó mi pé kí ó súnmọ́ iwájú, kí ó gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ tí yóò máa gbé e lọ tí yóò máa gbé e bọ̀. Ó wá sọ ohun kan tí kò sọ rí fún ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

“Wíwọ́n kọ́ ni ti èyí. Dídà ni a ó dà á, kí ìwòsàn náà lè kún.”

Mo gbọ́ ọ. Ó yẹ kí n ti fò dìde. Ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré ni mo fi rò ó pé kí ni wọn yóò sọ bí mo bá gbójú sókè kí Àmín tó pé. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yẹn, omi iyọ̀ ti kún bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ó bú pàà, ó tún bú pàà. Nígbà tí mo máa fi dìde, kọntirólà ti ń jó, ojú bátìrì ń ta iná pẹ́pẹ́, èéfín dúdú tó nípọn ń gòkè. Èéfín ike àti wáyà, tó burú ju ti epo lọ. Ọkọ̀ tí mo tò kí ó má baà rú èéfín, èéfín àkọ́kọ́ tó máa rú, ojú ìyàwó mi ló tú u sí. Ó ṣì gbé ọwọ́ lé e nígbà náà. Mo rí i tó ṣubú nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ike oògùn rẹ̀ wà nínú báàgì, báàgì wà nínú ilé ìsìn, àwọn obìnrin ń sáré, wọ́n ń wá báàgì, wọn kò mọ èwo ni tirẹ̀.

Dípò kí n gbé e, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo kọjú sí Bàbá. Mo pariwo mọ́ ọn níwájú gbogbo ọmọ ìjọ.

“Ẹ ti pa á! Bàbá, ẹ ti pa á fún mi!”

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ òfìfo lọ́wọ́.

Àwọn ọkùnrin fi yanrìn pa iná náà. Jíìpù ọmọ ìjọ kan, tó ń mu epo bíi kí ló dé, ló gbé wa dé ọsibítù. Ìyàwó mi lo ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọsibítù nímú. Mo jókòó tì í, mo ń wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, n kò lè gbàdúrà.

Bàbá wá sí ilé wa ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó dá wá ni.

“Ọmọ mi, mi ò mọ nǹkan yẹn. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Tó o bá ní ‘Bàbá, ẹ má da omi síbẹ̀,’ ṣé màá dà á ni?”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo sin ín dé géètì, mo tọrọ ìdáríjì lórí ìkúnlẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé mi lórí. Kò sí ohun tó yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè ní kí n tún un tò. Mo gbìyànjú láti rò ó. Ilẹ̀ tí mo tà kò lè tà lẹ́ẹ̀mejì. Kọntirólà ti di eérú, ìdajì bátìrì ti jóná. Transfọ́má ṣì wà bó ṣe wà. Àwọn tó lówó láti ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé níbi tí iná wà. Àwa tí èéfín ń pa kò ní owó rẹ̀, a kò sì ní iná rẹ̀. Nígbà tí mo ń tò ó, mo rò pé ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ mi tó. Kò tó. Mo ti ọkọ̀ náà wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, àwọn mekáníìkì tó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà tẹ́lẹ̀ bá mi tì í. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn, ó sì wù mí kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò dúró kí ilé-ìwé parí ọdún. Ó ti Èkìtì wá mú un. Ìyàwó mi kó aṣọ rẹ̀, ó fi àwọn aṣọ funfun rẹ̀ sílẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè se ẹ̀wà tí kò ní jóná. Ó ní kí n má ṣe dá ara mi lẹ́bi. Mo ní n kò dá ara mi lẹ́bi, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a kì í pẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń sọ fún mi nípa ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń fi ohùn Èkìtì kàwé tí ẹ̀rín ń pa á, bó ṣe ń fẹsẹ̀ gun òkè lọ síbẹ̀ láàárọ̀ tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó sọ ọ́ pọ̀, ó sọ ọ́ tán, kò sinmi láàárín. Mo dúró lábẹ́ páànù, mo fi fóònù mọ́ etí, mo ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń lọ geere. Inú mi dùn, ọkàn mi sì ń bàjẹ́, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

“Dádì,” ó ní, “a máa gba họlidé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ara mi ti le. Ṣé kí n máa bọ̀ nílé?”

Ó wù mí kí ó wá. Kò sí ohun tó wù mí bẹ́ẹ̀ rí. Ilé náà ti tóbi jù fún mi, ẹ̀wà náà ṣì ń jóná. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mẹ́rin ló wà ní títàn níwájú mi lásìkò yẹn, tí mo ń wá ohun tó ń ṣe wọ́n. Ojú títì kún. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù kí ó má baà gbọ́ bí ohùn mi ṣe rí, mo wá ṣí i.

“Má wá,” mo ní. “Dúró síbẹ̀. Èmi ni mo máa wá wò ẹ́.”

Mo retí pé yóò bá mi jiyàn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo fi mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tí mo sọ rí tí kò bá mi jiyàn lé lórí.

“Ó dáa, Dádì,” ó ní.